Àwòrán aṣọ kún fóònù mi, èwo gan-an ni tèmi nínú wọn?

Ọmọ_Òkèlélé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìlọrin. Òkèlélé ni wọ́n bí mi sí, Tanke ni mò ń gbé báyìí. Láti kékeré, màmá mi ló ń ra aṣọ fún mi. Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á ra ànkárá kan náà fún gbogbo wa, télọ̀ á wá wọ̀n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó parí. Nígbà tí mo dàgbà, aṣọ ẹbí ló gba ipò yẹn. Tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi lónìí, ìgbéyàwó àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mò ń rí níbẹ̀, ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí, n kò rí ara mi.

Mo ti wá ń gba owó oṣù, mo sì fẹ́ kí aṣọ tí mo bá ń rà láti ìsinsìnyí lọ jẹ́ èyí tó bá mi mu. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán jọ. Tí aṣọ kan bá wù mí lórí Instagram tàbí Pinterest, mo máa ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti wá pọ̀ jù. Àbáyà àwọn ará Dubai wà níbẹ̀, bùbú àwọn obìnrin Senegal tó ń wọ́ nílẹ̀ wà níbẹ̀, kóòtù àti ṣòkòtò àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì l'Ékòó wà níbẹ̀. Fọ́tò ìyá tó bí màmá mi náà wà níbẹ̀. Sítúdíò ni wọ́n ti yà á, láyé ìgbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun: bùbá ọlọ́rùn róbótó, ìró tó mọ sókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, ìborùn lórí èjìká kan. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á bi mí pé ṣé mo fẹ́ máa múra bí ìyá àgbà ni.

Ohun méjì ló ń dà mí lọ́kàn rú. Àwọn àwòrán náà kò bára wọn mu, bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó wọn jọ. Àti pé tí mo bá mú ọ̀kan nínú wọn lọ bá télọ̀, aṣọ tó ń jáde kì í jọ èyí tí mo rí. Híjáàbù ni mò ń lò, mi ò sì ní yọ ọ́, kí ẹ jọ̀ọ́ fi ìyẹn sọ́kàn. Báwo ni ẹ̀yin ṣe mọ aṣọ tó jẹ́ tiyín?

Kọ́lá_Ọ̀fà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kírìkà ni mò ń tà ní Ọ̀fà, nítorí náà oríṣiríṣi aṣọ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún Pinterest yẹn. Irú èyí tí ẹ bá tẹ̀ ló máa ń kó wá bá yín. Tí ẹ bá tẹ àbáyà dúdú lónìí, tí ẹ tún tẹ òmíràn, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí nǹkan mìíràn lójú ìwé yín mọ́. Ẹ ó wá máa rò pé òun ni ẹ fẹ́ràn jù láyé. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ ti tọ́jú sójú kan, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ṣí fóònù, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ èyí tí ẹ rántí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì fi léèsì tuntun dán ara yín wò. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kírìkà, ẹ wá kóòtù tí èjìká rẹ̀ rí bí ti inú àwòrán, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ jókòó, kí ẹ dìde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ ti mọ̀ láìtíì ná owó gidi.

Ìyá_Aránṣọ_Gáà_Àkànbí

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù sí owó oṣù náà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Gáà Àkànbí níbí, kò sì sí ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan kì í na fóònù sí mi pé, "Màámi, irú èyí ni mo fẹ́."

Màá ní, kí ló wù ọ́ níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni, mà." Gbogbo ẹ̀ kọ́. Mo máa ń fi àtàǹpàkò bo ojú ẹni tó wọ aṣọ náà. Màá bo báàgì rẹ̀, màá bo bàtà rẹ̀, màá bo ilé ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó wá ku aṣọ nìkan. Màá ní, ó yá, wò ó báyìí, ṣé ó ṣì wù ọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí i pé ẹwà ọmọ yẹn ló wù wọ́n, tàbí bó ṣe dúró bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú yáàdì, mi ò lè bá wọn rán an. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí tìrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì pa èyí tí kò bá wù ọ́ mọ́ rẹ́.

Èyí tó bá kù, sọ ohun kan péré tó wù ọ́ lára rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni àbí apá? Ibi tí ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ ni? Àwọ̀ rẹ̀ ni? Àbí bó ṣe ń já wálẹ̀ lára ẹni tó wọ̀ ọ́? Kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan náà á fi máa padà wá. Ọ̀rọ̀ tó ń padà wá yẹn ni kí o tẹ̀ lé, kì í ṣe àwòrán kankan.

O ní àwòrán rẹ kò bára mu, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ wò wọ́n láti ibi tí mo wà yìí. Àbáyà, bùbú, bùbá àti ìró ìyá ìyá rẹ: èjìká ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń já wálẹ̀. Kò sí èyí tó fún mọ́ ìbàdí nínú wọn. Apá wọn gbòòrò, ọrùn wọn kò ní kọ́là. Ẹnì kan ṣoṣo ló kó wọn jọ, o kàn ń wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá ni, o kò wo bí wọ́n ṣe gé wọn. Kóòtù àwọn oníbáǹkì yẹn nìkan ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Bi ara rẹ bóyá èjìká rẹ̀ tó dúró dáadáa yẹn ló wù ọ́. Tó bá jẹ́ òun ni, páàdì tín-ínrín ni mo máa fi sí èjìká bùbá rẹ, o kò nílò kóòtù.

Ó wá ku ti aṣọ tí kì í jọ àwòrán. Mi ò ní gbèjà gbogbo télọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé wá fún wa ló sábà máa ń fà á. Gáùn tó ń já wọ̀ọ̀rọ̀ nínú fọ́tò, kiréèpù ni, tàbí sátínì tí wọ́n gé láti igun dé igun. Ànkárá ni ìwọ á gbé wá. Òwú ni ànkárá, ó máa ń dúró gán-án nígbà tó bá ṣì tuntun. Ó dára fún apá tó wú, ó dára fún síkẹ́ẹ̀tì tí a ká ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ṣùgbọ́n kò lè rọ̀ bíi kiréèpù láé. Aṣọ òfì le ju ìyẹn lọ. Bùbú Senegal tí o rí, òwú náà ni bazin tí wọ́n fi ń rán an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi igi lù ú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sínú aró, òun ló fi ń dán bẹ́ẹ̀. Tí o bá fi ṣífọ́ọ̀nù rán irú bùbú yẹn, á lẹ̀ mọ́ ọ lára ni. Nítorí náà, kí o tó béèrè sítáì lọ́wọ́ télọ̀, béèrè irú aṣọ tí wọ́n fi rán èyí tí o rí.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ rí. Àwọn tó ń ya fọ́tò máa ń fi píìnì àti kílíìpù ká aṣọ mọ́ra lẹ́yìn, kó lè dà bíi pé ó bá ẹni náà mu pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n tún máa ń fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Má ṣe ra aṣọ nítorí àwọ̀ tó ní lójú fóònù. Tí o bá dé Ọjà Ọba, ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí o mú un jáde síta, kí oòrùn là á.

Wá wo iṣẹ́ rẹ báyìí. Gbé apá sókè bí ẹni tó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Apá bùbú á sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ lójú àwọn ọmọ, ìwọ tó ń bo ara. O lè jẹ́ kí n fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí n rán apá kékeré mìíràn sínú rẹ̀. Àbáyà dúdú rẹwà, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀kì ló máa hàn lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pólísítà tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. O mọ bí oòrùn Ìlọrin ṣe máa ń mú ní oṣù kẹta. Tó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá lo máa ń wọ̀ láti Tanke, síkẹ́ẹ̀tì tó fún lórúnkún á máa dá ọ dúró.

Èyí tí inú ń bí mi sí jù ni pé àwọn ọmọbìnrin tó ń lo híjáàbù máa ń san owó ńlá fún iṣẹ́ ọnà lọ́rùn aṣọ, híjáàbù á sì bò ó mọ́lẹ̀. Gbé owó yẹn lọ sí etí apá àti ìṣẹ́tí, níbi tí ojú á ti rí i. Tí o bá ń kó àwòrán jọ, kó ti àwọn tó ń lo híjáàbù gùn bíi tìrẹ mọ́ ọn, torí pé híjáàbù náà jẹ́ ara ìmúra. Àwọ̀ rẹ̀ ló sún mọ́ ojú rẹ jù.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má tìtorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ju fọ́tò ìyá ìyá rẹ nù. Nígbà tí Shade Thomas-Fahm kọ́ṣẹ́ aṣọ tán ní London tó sì padà sí Èkó ní àwọn ọdún 1960, aṣọ àwọn ìyá wa náà ló mú. Ó rán ìró tí a fi sípù sí, ó ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ téèyàn kàn máa dé, kí obìnrin tó ń lọ sí ọ́fíìsì lè wọ̀ wọ́n wéré. Kò sí ohun àgbà nínú ìyẹn. Bí a ṣe gé e ló sọ ọ́ di tuntun.

Tísà_Òmù_Àrán

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ ọnà ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò tí ìyá wa sọ yẹn sì dùn mọ́ mi gan-an. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán wa tó di olóògbé ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, ẹ̀yìn orí ló ti yà wọ́n. O kò ní rí ojú ẹni tó ni irun, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí nìkan lo máa wò. Ó ya gèlè náà. Ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo bí aṣọ tí a ṣẹ́ po lórí ṣe lè ní igun àti ìlà.

Èmi a sì máa rọ èèyàn pé kí wọ́n gbójú kúrò lórí fóònù díẹ̀. Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa níbí. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìjókòó. Tí mo bá mú àwọn ọmọ lọ, mo máa ń ní kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya irun tí wọ́n dì, fìlà tí wọ́n dé, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n má ya ojú. Kò sí àwọ̀ kankan tó máa tan ojú níbẹ̀, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ìrísí nìkan ló kù: bí nǹkan ṣe ga, bó ṣe fẹ̀, ibi tó pin sí. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà nínú fóònù yín. Ẹ sọ gbogbo wọn di dúdú àti funfun. Èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló wù yín, á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bóyá ìdí tí fọ́tò ìyá àgbà fi borí gbogbo wọn náà nìyẹn: kò ní àwọ̀, ìrísí rẹ̀ ló gbé e dúró.

Tí Dọ́bà Ìlọrin bá sì tún dé lẹ́yìn Iléyá, ẹ lọ dúró síbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa kọjá. Ẹ wo bí láwàní ṣe ń pàdé agbádá, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ kan lé òmíràn. Ìwọ̀sórí-ìwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń lo híjáàbù á rí ohun púpọ̀ kọ́ níbẹ̀.

Ọmọ_Ahunṣọ

Ẹ kú ìjókòó o. Mo bá gbogbo yín fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ṣe gé aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe àwọ̀ bí ọmọ orogún. Ìdí òfì ni mo dàgbà sí ní Ìlọrin yìí, àwọ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà wa, torí pé kò sí bí a ṣe máa ta òwú sójú òfì láìmọ̀ ọ́n.

Àwọn baba wa kò lo àwọ̀ ọgọ́rùn-ún. Sányán, lára ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti iyanrìn. Àlààrì pupa. Ẹtù jẹ́ aró tó jinlẹ̀ dé ibi tó fẹ́ di dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun wẹ́wẹ́. Àǹtí, ẹ wá òwú mẹ́ta tó ní àwọ̀ wọ̀nyí, tàbí ẹ̀kékù aṣọ. Ẹ jókòó sójú fèrèsé láàárọ̀, láìkun nǹkan kan sójú, kí ẹ sì fi wọ́n sábẹ́ àgbọ̀n yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn á mú kí ojú yín mọ́lẹ̀, òmíràn á mú kó rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Èyí tó bá mú un mọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe híjáàbù.

Ẹ ní Òkèlélé ni wọ́n bí yín sí. Ẹ ti rí ìkòkò Dàda, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń mọ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ún, bí pupa amọ̀ àti dúdú iná ṣe máa ń pàdé lára rẹ̀. Kí ló dé tí ìyẹn kò sí lára àwòrán tí ẹ tọ́jú? Ẹ yà á. Ẹ ya ohun tí kì í ṣe aṣọ náà mọ́ ọn.

Ọmọ_Òkèlélé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ṣe é, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

Mo tẹ àwọn tó ṣẹ́kù sórí ìwé ní sítúdíò kan, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ káádíbọ́ọ̀dù, mo sì kọ ohun kọ̀ọ̀kan sábẹ́ wọn bí Ìyá ṣe wí. Kóòtù ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo fi ọwọ́ bo ojú àwọn tó wọ̀ wọ́n, mo rí i pé ìdúró wọn ló wù mí. Apá gbòòrò ń padà wá. Ìṣẹ́tí tó mọ sókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀ ń padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ títí mo fi tò wọ́n síbì kan ni pé kò sí òdòdó lára aṣọ kankan níbẹ̀. Aláwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi, kìkì ànkárá olódòdó ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀! Mo ti ń gbé pẹ̀lú ohun tí mi ò yàn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mi ò sì lè tọ́ka sí ohun tó ń dà mí láàmú.

Mo gbé òwú sábẹ́ àgbọ̀n pẹ̀lú. Àlààrì kò gbà mí. Ẹtù gbà mí gan-an, àwọ̀ ìkòkò Dàda náà sì gbà mí. Mo fi káádíbọ́ọ̀dù náà han màmá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ohun tó ń wù ọ́ nìyí, tí o kò sì sọ?" Wọ́n ti ní ti Iléyá tó ń bọ̀, kí n mú aṣọ tèmi fúnra mi.

Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, bùbá alápá gbòòrò ni mo fẹ́, àti síkẹ́ẹ̀tì tí a rán bí ìró, tó máa ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè gun kẹ̀kẹ́. Àwọ̀ aró. Aṣọ wo ni kí n rà, yáàdì mélòó?

Ìyá_Aránṣọ_Gáà_Àkànbí

Inú mi dùn púpọ̀, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí atẹ́gùn. Màá fi etí ìró kan lé èkejì níwájú, kí wọ́n bora wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, màá sì fi bọ́tìnnì sí i nínú. O máa lè gbé ẹsẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́, ohunkóhun kò sì ní hàn.

Kànpálà aláró tí kò ní ọnà, tàbí òwú lásán tí kò nípọn jù, ni kí o rà. Fún un pọ̀ sínú ọwọ́ nínú ọjà, kí o sì tú u sílẹ̀. Tó bá runjọ tí kò sì fẹ́ nà padà, fi sílẹ̀. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 45, yáàdì márùn-ún á tó ọ pẹ̀lú apá gbòòrò yẹn. Rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, fọ̀ ọ́, sá a síbòòji kí o tó gbé e wá, torí òwú máa ń súnkì nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan omi, aró tuntun sì máa ń ṣí.

Ọ̀kan péré la máa kọ́kọ́ rán. Wọ̀ ọ́ lọ síṣẹ́, kí o sì padà wá sọ ibi tó ti ń fà ọ́ fún mi kí a tó gé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tí o bá ń bọ̀ wá wọ̀n, mú híjáàbù tí o máa fi wọ̀ ọ́ dání, kí n lè mọ ibi tó máa bò dé kí n tó gé ọrùn.